Àga Tó Kẹ̀yìn sí Afẹ́fẹ́

Àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ koríko tútù, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹrẹ̀, àgbọ̀nrín náà sì dúró níwájú rẹ̀ ní bí ogójì ìṣísẹ̀, ó ń jẹun bí ẹni tó ti sanwó oúnjẹ.

Ogún ìṣẹ́jú ni Òkòtó fi rá kòrò dé ibẹ̀. Ó ti ṣe gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ṣí páálí ìṣáná tó máa ń wà nínú àpò rẹ̀, ó bu eérú díẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ́ kó máa já bọ́ láàárín ìka rẹ̀. Eérú náà fẹ́ padà sí òun fúnra rẹ̀ lójú. Èyí dára. Afẹ́fẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ ẹran bọ̀, ẹran kò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó kù kò ju kó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹran náà yí ẹ̀gbẹ́ sí i, kó sì yìnbọn.

Kó dúró jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ó ka ení, èjì, títí dé ogún. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó rò ó pé bí òun bá sún díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ẹran náà á hàn dáadáa. Ó sún. Igi gbígbẹ kan ṣẹ́ lábẹ́ itan rẹ̀. Àgbọ̀nrín gbé orí sókè, ó wò ó lójú kòrókòró, ó ju ìrù, ó sì yí padà sínú igbó. Kò tilẹ̀ sáré púpọ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Òkòtó jù.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Òkòtó láti kékeré, nítorí pé bí wọ́n bá gbé e jókòó síbì kan, kí wọ́n tó yíjú padà, ó ti wà níbòmíràn. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí, kò sì tíì dẹ́kun yíyí. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó lè rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kan ti sá fún un rí. Ó ní bí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lòun máa ń rí.

Ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ igi ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi kéékèèké ló wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú, ìlà lórí ìlà, títí wọn á fi tó ohun tí wọ́n ń gbé lọ gbìn níbòmíràn. Igbó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọgbà parí sí. Wáyà tó wà láàárín wọn kò ga ju àyà èèyàn lọ, àgbọ̀nrín sì ń fò ó bí ẹni ń ré ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kọjá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá rẹ̀ fi ṣe ọdẹ ọgbà náà. Nígbà tó kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbé ìbọn lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé lẹ́yìn ìyẹn tí àgbọ̀nrín fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá jẹ ọ̀mùnú igi.

Ọ̀gá tó ni ọgbà náà ti dúró dè é láàárín ìlà kẹrin nígbà tó ti inú igbó jáde. Obìnrin tí kì í gbóhùn sókè ni. Ó fi okùn so dígí ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó sì mú igi kan tí wọ́n ti gé lórí lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀. O pa á?"

"Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ mà."

"Mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n jẹ láàárín àná sí òní." Ó gbé igi náà lé Òkòtó lọ́wọ́. "Nígbà ayé bàbá rẹ, tí a bá pàdánù márùn-ún lọ́dún, ariwo ńlá ni."

"Bàbá mi ò pa ẹran kankan fún odidi ọdún méjì mà." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ọ́.

"Mo mọ̀. Ẹran tó pa kọ́ ni mò ń kà, igi ni mò ń kà." Ó wọ dígí rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ ara rẹ̀. "Bí mo bá dé láàárọ̀ ọ̀la tí wọ́n bá tún ti jẹ ẹyọ kan, màá ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ alájá. Wàá sì dá ìbọn padà. Má bínú sí mi."

Òkòtó kò bínú sí i. Ẹ̀rù ló bà á. Ìbọn yẹn ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́. Igi ìdí rẹ̀ ti dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá máa ń wà, ibẹ̀ náà ni òun sì ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sí. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sí ohun kan tó jẹ́ ti bàbá tí yóò tún máa fọwọ́ kàn lójoojúmọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni bàbá kọ́ ọ. Kí èèyàn rìn lọ bá ẹran. Kí èèyàn lé ẹran wá bá ìbọn. Kí èèyàn jókòó títí ẹran á fi wá bá a. Ó ti dán ti àkọ́kọ́ wò láàárọ̀. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ó kó àwọn abomirin márùn-ún jọ, ó fún wọn ní garawa àti igi, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn igbó wọlé, kí wọ́n tò sí ìlà kan, kí wọ́n máa lu garawa bọ̀. Òun á dúró sí ẹnu ọ̀nà tóóró tí ẹran máa ń gbà jáde.

Olórí àwọn abomirin ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Olómi. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ, ẹnu rẹ̀ náà kì í gbẹ.

"Ṣé wàá dúró síbẹ̀ lóòótọ́?" ló bi í.

"Kí ni màá lọ ṣe níbòmíràn?"

"Mo kàn bèèrè ni."

Ó dúró. Ó gbọ́ garawa wọn lókèèrè, wọ́n ń lù ú láìsí ìlù gidi kan. Ó gbọ́ ọ títí, ó sì dà bíi pé ariwo náà kò sún mọ́ tòsí rárá. Ṣé wọ́n ti ṣìnà ni? Ṣé wọ́n ti jókòó lábẹ́ igi? Ó tẹ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó lè gbọ́ dáadáa, ó tẹ̀ síwájú ní mẹ́wàá mìíràn, nígbà tó sì fi yẹ̀ wò, ó ti fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni àgbọ̀nrín mẹ́ta gbà jáde. Ó gbọ́ pátákò wọn lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó tó yí ìbọn padà, ewé nìkan ló ń mì.

Olómi ti inú igbó yọ, garawa sì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. "Ibi tí o ní o máa dúró sí náà ni mo lé wọn sí o! Èyí tó tóbi nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kí mi kó tó kọjá."

"Ẹ pẹ́ jù ni."

"A ò pẹ́. Ìwọ lo yá jù." Ó gbé garawa sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àní, bàbá rẹ ì bá ti na ẹsẹ̀ ẹ̀ báyìí lórí àga ìfẹ̀yìntì."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òkòtó kò lè bínú sí wọn, nítorí òun ló dá ẹ̀fẹ̀ náà sílẹ̀.

Àga irin kan ni, ó wà létí igbó gan-an, níbi tí ìlà igi ìkẹyìn parí sí. Bàbá gbé e síbẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọgbà, ó sì kọjú rẹ̀ sí igbó. Láti ọjọ́ náà, kò rìn mọ́, kò sì lé mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń palẹ̀ mọ́, á lọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lórí itan. Ìjókòó yẹn ì bá má dun Òkòtó tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ibi tí wọ́n gbé àga náà sí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni afẹ́fẹ́ máa ń ti ojú títì wá, á gba inú ọgbà kọjá, á sì wọ igbó lọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn ni afẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ sí i, òórùn rẹ̀ á sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹran. Ọkùnrin tó fi eérú kọ́ ọ ní iṣẹ́ afẹ́fẹ́! Ó gbà pé ọjọ́ orí ti ń da bàbá láàmú. Lọ́jọ́ kan, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó pariwo pé, "Bàbá, ṣé àga ìfẹ̀yìntì lẹ gbé wá síbí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ó lọ sílé lọ́sàn-án láti pààrọ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tó ti di ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù bàbá, ẹ̀wù òtútù ńlá aláwọ̀ ewé tí bàbá máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa wọ ẹ̀wù náà mọ́. Ìyá ṣì ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn.

"Oúnjẹ ń bẹ lórí tábìlì. Jókòó jẹun."

"Mo ti ń jẹ ẹ́, Ìyá." Ó ti gbé abọ́ lọ́wọ́, ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà.

"Ò ń jẹ́ kí òòyì kọ́ mi."

Òkòtó dúró. "Ìyá, nígbà tí Bàbá jókòó fún ọdún méjì tí kò pa nǹkan kan, ṣé kò ká a lára?"

Ìyá gbé ojú kúrò lára ẹ̀wù náà. "Ojú bàbá rẹ ti lọ. O ò mọ̀?"

"Lọ síbo?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì. Ibi tí o dúró sí yẹn, kò lè rí ojú ẹ láti ibí. Ohùn ẹ ló fi ń mọ̀ ẹ́."

"Ó ń gbé ìbọn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́!"

"Ó ń gbé e lọ. Ṣé o wá gbọ́ kó yìn ín?"

Òkòtó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó rántí bí bàbá ṣe máa ń sọ pé, "Òkòtó, wá bá mi wo ibi tí ẹran yẹn dúró sí." Ó máa ń rò pé ìdánwò ni. Ó máa ń fi ìgbéraga dá a lóhùn.

"Kí ló wá ń lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ó ní òun ń lọ jókòó. Mo ní ta ló ń gba èèyàn síṣẹ́ kó wá máa jókòó? Ó ní iṣẹ́ ọ̀hún gan-an nìyẹn." Ìyá já òwú pẹ̀lú eyín. "Èmi náà rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ̀wù yìí pàápàá, kì í bá a wálé. Orí àga yẹn ló ń fi í sí mọ́jú. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín lo lọ gbé e wá, tí o fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó ń rùn, Ìyá. Ó ń rùn burúkú burúkú."

"Mo mọ̀ pé ó ń rùn." Ìyá gbé kọ́là ẹ̀wù náà sí imú, ó sì tún gbé e kúrò. "Ọṣẹ ni mò ń gbọ́ báyìí."

Òkòtó wọ ṣòkòtò mìíràn, ó gbé ìbọn, ó sì jáde láìjẹun tán.

Ọ̀nà kẹta ló kù, ó sì pinnu pé òun á ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ níwájú. Ó yí igbó po, ó gun igi kan ní òdìkejì, ó dábùú ẹ̀ka méjì, ó gbé ìbọn lé orúnkún. Ó ní òun ò ní mira. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèrà ti rí i. Láàárín ogún, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kú. Èyí tó burú jù ni ọkàn rẹ̀, tí kò gbà láti wà lórí igi pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń padà lọ sílé ṣáá, ó ń padà lọ sójú fèrèsé. Ọdún méjì! Kí ló dé tí bàbá kò sọ fún òun? Wọn ì bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀. Ìbọn kì í wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ríran. Ṣùgbọ́n òun, ọmọ rẹ̀, ta ni òun ì bá ti sọ fún? Lẹ́yìn náà ló rántí ariwo tó pa nípa àga ìfẹ̀yìntì, ara rẹ̀ sì gbóná láti ọrùn dé etí. Ó dájú pé òun ì bá ti sọ. Ẹnu òun náà kì í jókòó.

Ó sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kò rí ẹran kankan.

Nígbà tó padà dé ọgbà, Olómi ló gbẹ̀yìn níbẹ̀, ó ń ká rọ́bà omi. "Ó dàárọ̀ o," ló sọ, kò sì ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan, èyí tó jẹ́ kí Òkòtó mọ̀ pé gbogbo wọn ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ. Ó rìn gba àárín àwọn igi lọ. Ẹsẹ̀ ń ro ó. Ó rìn títí ìlà ìkẹyìn fi tán, àga irin náà sì wà níwájú rẹ̀, òfìfo.

Kò jókòó síbẹ̀ rí. Fún ọdún méjì, ó kàn ń yí i po ni. Ó jókòó nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, kò sí ìdí mìíràn. Apá àga náà ti dán. Lókè ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹ̀wù máa ń wà, ọ̀dà ti ṣí kúrò lára irin.

Afẹ́fẹ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó tutù. Ó mú páálí ìṣáná jáde bí ìṣe rẹ̀, ó bu eérú tó kù. Eérú náà gbéra láti ìka rẹ̀, ó fò kọjá wáyà, ó sì lọ tààrà sínú igbó. Ibi tó burú jù láti dọdẹ nìyí nínú gbogbo ayé. Ó fẹ́ dìde. Orúnkún rẹ̀ tilẹ̀ ti gbé ìdajì. Ṣùgbọ́n níbo ló tún kù tó máa lọ?

Ó tún jókòó.

Àwọn àgbọ̀nrín náà dé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di eérú. Mẹ́ta ni wọ́n, èyí tó tóbi ló ṣáájú, èyí tó jẹun níwájú rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ti inú igbó yọ, wọ́n ń bọ̀ wá síbi wáyà láìbẹ̀rù, bí ẹni ń bọ̀ níbi tó ti mọ ọ̀nà. Ọwọ́ Òkòtó wà lórí ìbọn. Wọ́n ku ọgọ́rin ìṣísẹ̀. Wọ́n ku ọgọ́ta.

Èyí tó tóbi náà dúró gbọnrangandan. Kò tíì rí i. Ó ń wo ibòmíràn. Imú rẹ̀ ló gbé sókè. Ó fi pátákò kan lu ilẹ̀, ó fi imú fọn kíkan, ó sì yí padà. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Kò sí eré nínú ọ̀rọ̀ náà lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n sá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó gbọ́ wọn títí wọ́n fi jìnnà, jìnnà dáadáa, ju ibi tí garawa márùn-ún lé wọn dé láàárọ̀ lọ. Wọn kò jẹ ẹyọ kan nínú àwọn igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbọn náà kò kúrò lórí itan rẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ń sunkún. Bàbá ti jókòó síbí, kò rí ẹran kankan, ẹran kankan kò sì kọjá rẹ̀. Ó ti fi àárín ojú afẹ́fẹ́ ṣe ibi ìjókòó, ó gbé ara rẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́ kí òórùn rẹ̀ lè máa lé ẹran, ó sì fi ẹ̀wù rẹ̀ síbẹ̀ ṣe arọ́pò rẹ̀ mọ́jú. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, igi sì ń dàgbà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun wá, pẹ̀lú ike ọṣẹ. Ojú tì í débi pé ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ń wò ó. Síbẹ̀, lábẹ́ ìtìjú náà, inú rẹ̀ dùn. Bàbá rẹ̀ kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kankan.

Ó jókòó títí tí kò fi lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ kankan kò yún un. Nígbà tó dìde, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù tó wọ̀ láti àárọ̀, èyí tó fi rá kòrò nínú ẹrẹ̀, tó fi gun igi, tí òógùn ọjọ́ kan gbáko wà lára rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó rùn díẹ̀. Kò tíì rùn tó. Ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga níbi tí ọ̀dà ti ṣí, ó sì gbé ìbọn lọ sílé.

Ìyá ṣílẹ̀kùn fún un.

"Níbo lo gbé ẹ̀wù ẹ sí nínú òtútù yìí?"

"Ó wà lórí àga, Ìyá."

Ìyá fà á wọlé, ó mú ẹ̀wù bàbá lórí ìjókòó ojú fèrèsé, ó fi bò ó léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnnì rẹ̀ fún un láti òkè wá, bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ kékeré. Òkòtó dúró jẹ́ẹ́ fún un títí ó fi dé bọ́tìnnì ìkẹyìn.

"Gbé e padà lọ́la," ni Ìyá sọ. "Èyí náà. Wọ̀ ọ́ lọ, kó o sì fi í síbẹ̀."

"Ọṣẹ ló ń rùn báyìí, Ìyá."

"Á kúrò," ni Ìyá wí. "Ìwọ ṣáà máa jókòó."